Má Gbẹ́kẹ̀ Lé Jíà

Ìró kan ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo Gilbert lójú. "Kó." Bí ìgbà tí ọmọ odó bá ṣèèṣì kan etí odó, lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Òjò ń fín lórí Queen's Road, àpò wà lọ́wọ́ mi méjèèjì, mo fẹ́ sọdá. Mọ́tò dúdú gígùn kan, irú èyí tí à ń rí nínú fọ́tò àwọn bàbá àgbà, ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dún kó. Mo fò sẹ́yìn. Àpò kan já, tòmátì fọ́n ká ẹ̀bá títì.

Mọ́tò náà dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti apá òsì, ibi tí awakọ̀ kì í jókòó sí nílùú yìí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun.

"Ẹ má bínú, Mummy. Ṣé kò kàn yín?"

"Kí ló dún yẹn? Ta lẹ gbá?"

"N ò gbá ẹnì kankan. Jíà ló wọlé."

"Jíà wo ló ń dún bí ẹni tí wọ́n sọ òkò lù?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa tòmátì. Mo ń wò ó. Èmi, ọwọ́ ènìyàn ni mo máa ń wò kí n tó wo ojú wọn. Ọ́ìlì dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú tòmátì bí ẹni tó ń mú ẹyin. Èyí tó fọ́, ó kó o sápá kan. Èyí tó dáa, ó nù ún lára aṣọ rẹ̀ kó tó dá a padà fún mi.

"Ẹ wọlé kí n gbé yín délé. Òjò ń pa yín."

"Rárá o. Ẹ ṣé. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀."

Bọ́ọ̀sì kankan ò bọ̀, òun náà sì mọ̀. Ó mú agboòrùn kan nínú búútù, ó nà án sí mi. Ó ní abẹ́ afárá reluwé lòun wà, lẹ́yìn stéṣọ̀n, kí n béèrè Gilbert.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí: ẹ̀rù máa ń bà mí. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù. Bí lẹ́tà káńsù bá já sẹ́nu ọ̀nà, àyà mi á já pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn tí n ò retí ẹnikẹ́ni, màá pa rédíò, màá dúró láìmí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé, Peckham títí dé Brockley, ó sì ti rẹ̀ mí ju bí mo ṣe lè fẹnu sọ lọ. Bàbá Rahmah, ọmọ mi, ti lọ sí Dublin láti ìgbà tí ọmọ ṣì kéré, ó fẹ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa, kíákíá ni gbogbo nǹkan. Ó fẹ́ kọ́ mi ní mọ́tò nígbà kan. Ó ń pariwo sí mi létí: tẹ̀ ẹ́, fi sílẹ̀, yí i, tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ òsì mi àti ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń bá ara wọn jà. Mo sá kúrò nídìí rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ kí n tó wá gba láísẹ́ǹsì, ti ọtomátíìkì, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, nítorí ibi iṣẹ́ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Agboòrùn yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi fún ìgbà pípẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Nígbà tó yá, mo rò ó pé a kì í fi nǹkan onínǹkan sílé, mo sì mú un lọ.

Ooru mú lọ́jọ́ náà. Mo bá Gilbert lábẹ́ mọ́tò dúdú yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Mo rò pé ẹ ti sọ ọ́ di tiyín," ó ní.

"Èmi kì í ṣe olè."

"N ò pè yín lólè. Mo ní mo ti ń retí yín."

Mo bi í léèrè nípa mọ́tò. Ó ní DeSoto ni, ará Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó bí èmi àtòun. Ìyàwó lòun fi ń gbé, nígbà mìíràn òun a fi tẹ̀lé òkú.

"Ṣé ọtomátíìkì ni?"

"Rárá."

"Mánúà ni, nígbà náà."

"Rárá náà. Láàárín ló wà. Ó ní kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹ lè gbàgbé rẹ̀ títí ẹ ó fi dé Forest Hill."

Mo wò ó bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa fáànù méjì wá, ó kọjú wọn síra. Ó tan ọ̀kan. Wáyà èkejì wà nílẹ̀, kò sí iná nínú rẹ̀. Mo dúró. Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀ ni, lẹ́yìn náà eré rẹ̀ pọ̀ sí i.

"Èyí tí mo tàn, ẹ́ńjìnnì nìyẹn," ó ní. "Èkejì, jíà àti táyà. Nínú mọ́tò yìí, ọ́ìlì ló wà láàárín wọn dípò atẹ́gùn, nínú ìkòkò irin kan tí wọ́n dé pa. Ọ̀kan ń da ọ́ìlì lu èkejì, èkejì ń yí."

"Kò sì fọwọ́ kàn án?"

"Kò fọwọ́ kàn án rárá."

Ó fún mi ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí n fi dá èkejì dúró. Mo ti igi náà bọ inú rẹ̀. Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ ń yí lọ ní tirẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

"Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kì í kú níbi iná títì bí jíà bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ wá wo ibi tó burú sí." Ó pa fáànù. "Ẹ fi igi yẹn yí èkejì."

Mo yí i. Àkọ́kọ́ ò mira.

"Ẹ rí i? Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, táyà lè yí bó ṣe wù ú. Kò sí irin tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì lásán ni. Bí ẹ bá dúró lórí òkè, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jíà. Bíréèkì ọwọ́ ni. Ìgbàkígbà."

Mo ní kò kàn mí, láísẹ́ǹsì mi ò gbà á. Ó ní òfin ò mọ ohun tó wà láàárín. Ohun tó bá ti ní kílọ́ọ̀ṣì, mánúà ni wọ́n ń pè é. Kí n gbé L pupa ti àwọn tó ń kọ́ mọ́tò kọ́ ọ, òun á jókòó tì mí, kò sí ẹni tó máa mú mi. Mo ní màá rò ó. Mo rò ó títí mo fi dé ilé. N kò sùn dáadáa.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo lọ.

"Tẹ kílọ́ọ̀ṣì," ó ní. "Fa ọwọ́ jíà sísàlẹ̀. Fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó tán, gbàgbé ẹ̀. Fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ iná díẹ̀díẹ̀."

Mọ́tò náà gbéra bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga. A dé ibi tí títì ti tẹ́jú, eré rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ díẹ̀.

"Gbé ẹsẹ̀."

"Kí n gbé e lọ síbo?"

"Kúrò lórí iná. Gbé e, kí o dúró."

Mo gbé e. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́. Mo ń retí ariwo létí mi, ọrùn mi ti le. Gilbert ń tẹ́tí ni.

Kó.

"Ó ti wọlé," ó ní. "Tẹ iná padà. Jẹ́jẹ́. Bí èèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá tí kò gbé ẹsẹ̀, á máa ké lásán ni. Kò ní yí jíà. Ó fẹ́ kí o fún un láyè."

Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà New Cross. Ó rí i, kò béèrè. Ó kàn yí gíláàsì sísàlẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é ní gbogbo Sátidé. "Mummy Rahmah" ló ń pè mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá ó di "Hàlímọ̀." Lọ́jọ́ kan tí mo bọ́ sílẹ̀ tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ó dàárọ̀, Hàlímọ̀ mi," bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan. Mo rìn délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn náà tún di ohun tó ń bà mí lẹ́rù.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. A wà lábẹ́ afárá, reluwé ń kọjá lórí wa, ó dúró kó kọjá tán.

"Hàlímọ̀, ojú mi ń lọ. Ṣúgà ló fà á. Dókítà ní n ò gbọdọ̀ wakọ̀ mọ́. Mo ti dá láísẹ́ǹsì padà."

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń wò mí, ṣùgbọ́n ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́, bí adìyẹ. Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, n kò bi í.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ," ó ní. "Ì bá wù mí kí n sọ ọ́ nígbà tí ojú mi ṣì dáa. Mo ń gbé ẹsẹ̀ fún ọ ni, kí o má baà sá."

Mo ní kó jẹ́ kí n sọ fún àwọn ará ilé.

Ìyá rẹ̀, Mummy Ojúọlá, ń gbé ní Brockley. Ìyá àdúrà ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n fún mi ní tíì, wọ́n sì wò mí láti gèlè dé bàtà.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "n ò kọ ọmọ Mùsùlùmí. Bàbá tó bí mi gan-an, Lásísì lorúkọ wọn. Ohun tí mò ń rò ni pé ọkùnrin tí kò ríran, obìnrin tí ẹ̀rù ń bà. Ta ni yóò mú ta lọ́wọ́?"

Mo ní, "Mummy, mi ò mọ̀." Òótọ́ ni, mi ò mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Làtíìfù, kò fún mi ní tíì. Àwọn ló dúró bíi bàbá fún mi láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Lọ́rì ni wọ́n ń wà láti Ìbàdàn dé Kano nígbà èwe wọn. Níbí, ẹrù ni wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ń pín kiri. Àgbà ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ wa ní mọ́ṣáláṣí.

"Kírísítẹ́nì," wọ́n ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

"Ṣé ó máa gba ẹ̀sìn?"

"Ó ní òun ò ní parọ́ fún Ọlọ́run nítorí ìyàwó."

"Ó gbọ́n. Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Mo tún gèlè mi dì.

"Rahmah ti sọ fún mi. Ojú ń lọ. Ó ní mọ́tò tí kò lè wà mọ́. Ó wá rí obìnrin kan, ó ń rọra kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wà á. Àlímọ̀, awakọ̀ ló ń wá. Kì í ṣe ìyàwó."

"Bọ̀dá, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Lọ bi í."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú mi, ó jókòó. Mo ń fọ ara arúgbó, ó wà níbẹ̀. Mo ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó wà níbẹ̀. Ìgbà tí mi ò lè gbé e mọ́, mo lọ bá Gilbert.

"Ṣé awakọ̀ lò ń wá ni?"

Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo nílò ẹni tó máa wà á," ó ní. "N ò ní purọ́ fún ọ. Mo sì fẹ́ ọ. Méjèèjì ló wà nínú mi, mi ò lè yà wọ́n."

"Bí n ò bá lè wà á mọ́ ńkọ́?"

"Màá tà á."

"Ẹnu lásán."

"Ẹnu nìkan ni mo ní báyìí, Hàlímọ̀."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí ni. Mo ń rò ó pé mo ti dàgbà jù fún irú èyí, pé kí n jókòó sílé mi, kí n pa rédíò. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òtútù dé. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi nígbà mìíràn: "Mo kàn ní kí n kí ọ." Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò dáhùn.

Rahmah ni kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Yìgì rẹ̀ àti Basit, ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, ti sún mọ́.

"Mummy, I want that car," ó ní. "Mọ́tò Uncle Gilbert. It's cold, still, ó rẹwà gan-an. Mo ti bá a sọ̀rọ̀."

"Uncle Gilbert ò lè wakọ̀."

"Bọ̀dá Làtíìfù said he'll drive. He was well gassed, sef. Inú wọn dùn gan-an."

Bọ̀dá mi fẹ́ fi han gbogbo ayé pé mọ́tò náà ò ṣòro. Láàárọ̀ ọjọ́ yìgì, a pàdé lábẹ́ afárá. Gilbert wọ kóòtù, ó ti so ríbọ́nì funfun mọ́ iwájú mọ́tò. Ó kí mi: "Hàlímọ̀." Mo ní: "Ẹ káàárọ̀." Ó gbọ́ "ẹ" yẹn tí mo fi kí i, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ.

Gilbert jókòó sẹ́yìn. Èmi wà níwájú lápá ọ̀tún, Bọ̀dá wà nídìí sítíárìn.

"Alhaji, bí ẹ bá ti gbéra, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ dúró..."

"Mo ti wa lọ́rì tí okùn jẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀," Bọ̀dá ní. "Ẹ fọkàn balẹ̀."

Wọn ò gbé ẹsẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti Peckham dé Forest Hill, níbi tí Bethany, ọ̀rẹ́ Rahmah, ti ń kun ojú rẹ̀ fún un. Mọ́tò náà ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà lẹ́sẹ̀. Àwọn èèyàn ń yíjú ní bus stop. Bọ̀dá ń làágùn nínú òtútù.

"Mọ́tò yìí ti gbó," wọ́n ní.

Àdúgbò Bethany, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Bọ̀dá kọjú mọ́tò sísàlẹ̀, wọ́n fi sínú jíà, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n gbé fóònù sétí láti sọ fún lẹ́mọ́mù pé a ti ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn lójú ọ̀nà Kano. Lọ́rì wọn ò ní bíréèkì ọwọ́ rí. Wọ́n á fi sínú jíà, ọmọ ọkọ̀ á bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi tí yóò ki bọ abẹ́ táyà. Ó ti wọ̀ wọ́n lára.

Rahmah jáde wá pẹ̀lú Bethany. Ó rẹwà débi pé mo gbàgbé ohun gbogbo. Èmi ṣì wà níjókòó níwájú. Gilbert bọ́ sílẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú fún un, Rahmah wọlé, ó jókòó, ó ń kó aṣọ rẹ̀ jọ. Mọ́tò gba ìwúwo rẹ̀, ó mì díẹ̀.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kò sáré. Ó ń yọ́ lọ bí ẹni tó fẹ́ kúrò níbi ìpàdé láìdágbére. Mo rí ilé tó ń kọjá lójú fèrèsé, mo rò pé òòyì ló ń kọ́ mi. Ilẹ̀kùn já kúrò lọ́wọ́ Gilbert. Bethany figbe ta. Rahmah ní, "Mummy? Mummy, kí ló ń ṣẹlẹ̀?" Mo rí Bọ̀dá mi lójú ọ̀nà, fóònù ṣì wà létí wọn, ẹnu wọn là sílẹ̀.

Ẹ̀rù tó bà mí kò ṣe é sọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ ibi tó ń lọ. Àga iwájú mọ́tò yẹn, gbọọrọ kan ni, kò sí ohun tó pín in. Mo fi ìdí wọ́ kọjá sídìí sítíárìn. Mo na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, mo di bíréèkì ọwọ́ mú, mo fà á pẹ̀lú gbogbo ara mi. Mọ́tò náà lọ fi imú gún ògiri kúkúrú kan, agolo ìdọ̀tí ṣubú. Ó dúró.

Rahmah wà láàyè, ó ń sunkún, ìborí rẹ̀ ti wọ́. Nǹkan kan ò ṣe é. Mo ní "Alihamudulilahi," mi ò mọ iye ìgbà.

Gilbert ń bọ̀. Ó ń sáré bí ẹni tí ò rí ilẹ̀ dáadáa, ó fọwọ́ ń tọ ara mọ́tò bọ̀ láti ẹ̀yìn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ gbogbo ibi tí nǹkan ti ha mọ́tò yìí rí, ó lè fi ìka kà wọ́n fún ọ. Ó fi ọwọ́ kan Rahmah léjìká láti ojú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan?" Rahmah ní kò sí. Ó ṣèèṣì kọjá ojú fèrèsé mi. Ọwọ́ rẹ̀ kan fẹ́ńdà tó ti wó wọnú. Kò dúró níbẹ̀. Kò tilẹ̀ rọra. Ọwọ́ náà kọjá lórí rẹ̀, ó padà wọ ojú fèrèsé, ó rí apá mi, ó rí ojú mi.

"Ṣé kò ṣe ọ́? Hàlímọ̀, dá mi lóhùn. Ṣé kò ṣe ọ́?"

"Kò ṣe mí. Fẹ́ńdà rẹ ti wó."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè fẹ́ńdà?"

Bọ̀dá Làtíìfù dé. Wọ́n dúró. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí Gilbert.

"Mo fi sínú jíà," wọ́n ní. "Mo fi í sínú jíà, Wáláhì."

"Mo mọ̀, Alhaji," ni Gilbert wí. "Jíà rẹ̀ kì í dì í mú. Èmi ni kò sọ ọ́ tán fún yín."

Ó ti fẹ́ sọ ọ́. Àwọn ni kò jẹ́. Mo wo Bọ̀dá mi, wọ́n wo ilẹ̀.

Àkókò ti ń lọ. Lẹ́mọ́mù ń pè. Bọ̀dá ní àwọn ò lè wà á mọ́, ara wọn ò gbà á. Rahmah fi ọwọ́ nu ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ kí àtíkè má baà ṣàn.

"Mummy, you drive."

"Rárá," Gilbert ní. "Ẹ jẹ́ ká pe táásì. Hàlímọ̀, bọ́ sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí o wà á pẹ̀lú ẹ̀rù. Jẹ́ kó wà níbí, màá rán ẹni tó máa wá wọ́ ọ."

Mo jókòó síbẹ̀, ọwọ́ mi lórí sítíárìn. Mo ti ń rò ó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, awakọ̀ tàbí ìyàwó, awakọ̀ tàbí ìyàwó. Ó rẹ̀ mí láti máa rò ó. Ọkùnrin tó ń wá awakọ̀ ló ń ní kí n bọ́ sílẹ̀ yìí.

"L wà nínú búútù," mo ní. "Ẹ so ó mọ́ ọn."

A so L pupa mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríbọ́nì funfun. Rahmah àti Bethany wà lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ ìyàwó tó gba gbogbo àga. Gilbert wá jókòó síwájú, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ọ̀tún. Bọ̀dá mi, tí láísẹ́ǹsì wọn ló jẹ́ kí n lè wà á, fún ara wọn sáàárín wa. Orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn.

Mo ní Bísímílà. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fa jíà, mo fi sílẹ̀. A gbéra. Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, mo gbé ẹsẹ̀. Gilbert ń tẹ́tí. Mo gbọ́ pé Bọ̀dá mi náà ti dá èémí dúró.

Kó.

"Hẹn-ẹn," Bọ̀dá ní. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́: "Ó fúnra rẹ̀ yí i?"

"Bí ẹ bá fún un láyè, Alhaji."

A wà á bẹ́ẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí. Wọ́n so yìgì náà. Ó lọ dáadáa.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, Bọ̀dá wá sílé mi. Wọ́n jókòó, wọn ò bọ́ kóòtù.

"Àlímọ̀, mi ò lè ṣe walí fún ọ lórí èyí, kí n fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ̀sìn ò fún mi láṣẹ. N ò sì ní wọlé síbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é."

"Mo gbọ́, Bọ̀dá."

"Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó kọjá lára mọ́tò." Wọ́n wo ògiri. "N ò ní dúró sójú ọ̀nà yín mọ́."

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí mọ́ra, kí wọ́n ṣàdúrà. Ohun tí mo rí gbà nìyẹn, mo sì gbà á. Mo pe Gilbert. Mo ní, "Èmi ni." Ó ní, "Mo mọ̀." Mo ní kó jẹ́ ká lọ gba ọjọ́ ìgbéyàwó ní rẹ́jísírì.

Rẹ́jísírì la lọ, òjò tún ń fín. Èmi ni mo wa mọ́tò. L ṣì wà lára rẹ̀. Mo ti ṣe ìdánwò mánúà lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ mi méjèèjì tún jà, wọ́n ní kí n padà wá. Nítorí náà ẹni tó ní láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti fẹ́ bẹ ọkọ Rahmah. Láàárọ̀, mo ṣílẹ̀kùn, Bọ̀dá mi ló dúró síta, pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan lọ́wọ́.

"Mo wá nítorí L," wọ́n ní.

Wọ́n jókòó láàárín wa bí ti ọjọ́ kìíní. Mummy Ojúọlá wà lẹ́yìn nínú aṣọ funfun, wọ́n ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ fún gbogbo títì tí a bá yà sí. A dé. Ojú ọ̀nà náà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Mo dúró, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo fa bíréèkì ọwọ́. Gilbert kì í ṣílẹ̀kùn títí yóò fi gbọ́ ìró rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yí ká wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó na ọwọ́, mo mú un.

Bọ̀dá ò tẹ̀ lé wa wọlé. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà, torí èmi máa ń bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ti tú àpò ọ̀rá náà. Igi ni wọ́n yọ nínú rẹ̀, wọ́n ti gé e, wọ́n ti fá a dán, apá kan nípọn, apá kan tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ nínú òjò pẹ̀lú kóòtù dáadáa wọn, wọ́n tì í bọ abẹ́ táyà, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá a kó lè wọlé.

Wọ́n wá padà sínú mọ́tò, wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró dè wá.